Ẹ Bi Wá Ká Wí: Nígbà Tí Ogun Hitler Dé Ẹnu Bọ́dà Wa

Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Nínú ìwé ìròyìn tó jáde kẹ́yìn, a kọ ọ́ sójú ewé yìí pé ọjọ́ 15 oṣù kìíní tí ìjọba fi ń rántí àwọn sójà tó kú, ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ni wọ́n ń ṣe é tẹ́lẹ̀ nítorí ogun àgbáyé, ẹ̀yìn ogun Bìáfrà tó parí ní 1970 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbé e sí oṣù kìíní. Láti ìgbà yẹn ni lẹ́tà ti ń wọlé, láti Àgbádárìgì níbí, láti Ìkòròdú, láti Ẹ̀pẹ́, gbogbo ilé ló jọ pé ó ní bàbá kan tó lọ tàbí ìyá kan tó rántí. Inú mi dùn sí i gan-an. Ojú ewé wa ò lè gba gbogbo ẹ̀, èyí tí èèyàn púpọ̀ bi ni mo mú.

Ẹ̀gbọ́n Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá tó bí ìyá mi máa ń sọ pé nígbà ogun Hitler, àwọn ò lè lọ sí Àjàṣẹ́ lọ kí ẹbí àwọn bó ṣe wù wọ́n mọ́, wọ́n ní ọ̀tá ti wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo kà nílé ìwé, Jámánì àti Pólándì ni, mi ò rí Àjàṣẹ́ níbẹ̀ rárá. Ṣé òótọ́ ni màmá ń sọ àbí ọjọ́ orí ni? — Ọmọ Àjárá, Àgbádárìgì

Òótọ́ pọ́nbélé ni màmá sọ, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé arúgbó ló ń ṣe wọ́n. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé ni ò sọ̀rọ̀ débẹ̀.

Ẹ jẹ́ n tò ó bó ṣe rí. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 1939 ni Hitler, olórí Jámánì, kó ogun wọ Pólándì, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti dìde sí i. Nígbà yẹn kò tíì sí wàhálà láàárín àwa níbí àti àwọn ará Àjàṣẹ́, torí Gẹ̀ẹ́sì tó ń jọba lé wa lórí àti Faransé tó ń jọba lé wọn lórí, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni wọ́n wà. Oṣù kẹfà 1940 ni gbogbo ẹ̀ dàrú. Jámánì ṣẹ́gun Faransé, ó wọ Paris, bàbá ológun àgbà kan tó ń jẹ́ Pétain ní kí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Hitler, ó wá gbé ìjọba ẹ̀ kalẹ̀ sí ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Vichy. Ọ̀gágun Faransé míì, de Gaulle, ní tiẹ̀ sá lọ sí London, ó ní òun ò gbà, ogun ò tíì tán. Ó wá di pé gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ní ní Áfíríkà máa mú ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì.

Chad ló kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ de Gaulle, oṣù kẹjọ ọdún yẹn, lábẹ́ Félix Éboué tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, Cameroon sì tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n Boisson, gómìnà àgbà tó jókòó sí Dakar, Pétain ló tẹ̀ lé, abẹ́ ẹ̀ ni Dahomey tí Àjàṣẹ́ wà nínú ẹ̀ (Benin lónìí) wà, abẹ́ ẹ̀ ni Niger wà. Ẹ wo máàpù, ẹ máa rí i. Ìwọ̀ oòrùn wa, Vichy. Àríwá wa, Vichy. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú de Gaulle lọ gbìyànjú láti gba Dakar, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi yin àgbá síra wọn, wọn ò rí i gbà. Látọjọ́ yẹn kò sẹ́ni tó tún ń ṣiyèméjì mọ́. Ọ̀tá tí wọ́n ń gbọ́ lórí rédíò pé ó wà ní Yúróòpù, ó ti dé Sẹ̀mẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì wá dí ọ̀nà òwò mọ́ gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Vichy. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa á mọ bí ìyẹn ṣe dun àwọn èèyàn tó. Ọ̀sà kan náà ló gbé wa láti Èkó gba Àgbádárìgì dé Àjàṣẹ́, àwọn Ògù tó wà níbí àti èyí tó wà lọ́hùn-ún, ọmọ ìyá ni wọ́n, wọ́n ń fẹ́ ara wọn, wọ́n ń sin òkú ara wọn. Ìlà tó wà láàárín wọn, 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó sí Paris fà á, wọn ò bi ẹnikẹ́ni níbí. Àádọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìlà yẹn kan náà di ojú ogun láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Fàyàwọ́ ò sì dúró, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò lè dúró, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ń fi òru kọjá.

Àwọn àgbàlagbà ti rí irú ẹ̀ rí. Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914, Faransé ń fi tipátipá mú ọmọkùnrin ṣe sójà ní Kétu àti lọ́dọ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí, àwọn èèyàn dìde sí wọn, ọ̀pọ̀ kó ẹrù, kó ọmọ, wọ́n sọdá wá sí ìhà Mẹ̀kọ níbí, àwọn míì ò padà mọ́ títí dòní. Ìdí tí ẹbí kan fi wà ní ìhà méjèèjì nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ilé.

Oṣù kọkànlá 1942 ló tó yí padà. Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì kó sójà gúnlẹ̀ sí Morocco àti Algeria, Boisson rí i pé atẹ́gùn ti yí, kó tó di ìparí oṣù yẹn ó ti bọ́ sọ́dọ̀ wọn, Dahomey náà bá a bọ́ síbẹ̀. Ẹ lọ bi màmá bóyá wọ́n rántí ọjọ́ tí ọ̀nà là. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbé fóònù kalẹ̀ kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, bàbá tó bí bàbá mi lọ sí Bọ́mà, fọ́tò wọn tí wọ́n wọ aṣọ sójà ṣì wà lára ògiri ilé wa n'Íkòròdú. Ẹni ọdún mọ́kànlélógún ni mí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó: kí ló kàn wá kan Jàpáànì? Ta ló rán wọn lọ, kí ni wọ́n sì ṣe níbẹ̀? — Yínká, Ìkòròdú

Yínká àbúrò mi, kọ́kọ́ yọ fọ́tò yẹn kúrò lára ògiri kí òjò tó bà á jẹ́, kí o sì ṣe ẹ̀dà ẹ̀ ní méjì, mẹ́ta.

Jàpáànì ò ṣe wá ní nǹkan kan. Gẹ̀ẹ́sì ló ń jọba lé wa lórí, Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá wọn jà. Oṣù kejìlá 1941 ni Jàpáànì wọ ogun, kò sì tíì tó oṣù mẹ́fà tó ti gba Malaya, tó gba Singapore, tó lé Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní Bọ́mà (tí wọ́n ń pè ní Myanmar lónìí), tó ti ń yọjú sí Íńdíà. Ilẹ̀ Bọ́mà, igbó ni, òkè ni, mọ́tò ò lè wọ ibẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń wá ẹni tó lè fẹsẹ̀ rìn ín, ó rántí àwa. Ó sì ti rí ohun tí àwọn èèyàn wa lè ṣe, torí ní ìbẹ̀rẹ̀ 1941, sójà Nàìjíríà ti gba Kẹ́ńyà wọ Sòmálíà lọ lé àwọn Ítálì, wọ́n wọ Mogadishu lọ́jọ́ 25 oṣù kejì, wọ́n wọ Harar ní Etiópíà lọ́jọ́ 26 oṣù kẹta. Oṣù kan ni wọ́n fi lọ láti etí òkun dé orí òkè Etiópíà!

Bí wọ́n ṣe kó wọn, ọ̀nà rẹ̀ pọ̀. Àwọn kan fẹsẹ̀ ara wọn lọ, owó oṣù wà ńbẹ̀, aṣọ wà ńbẹ̀, èèyàn lè kọ́ mọ́tò wíwà tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn kan, ọba tàbí baálẹ̀ ni wọ́n ní kó mú iye báyìí wá, ó sì mú ọmọ tí kò ní alágbàwí. Àwọn dérébà àti oníṣẹ́ ọwọ́, òfin ni wọ́n fi mú wọn. Wọ́n sọ fún gbogbo wọn pé bí Hitler bá borí, ẹrú ló máa fi ọmọ aláwọ̀ dúdú ṣe. Kì í ṣe irọ́ pé Hitler kórìíra aláwọ̀ dúdú, ṣùgbọ́n ìjọba tó ń sọ ọ́ yìí náà ló ń fipá kó àwọn èèyàn lọ wa kùsà tánganran ní Jọ́s lọ́dún 1942 sí 1944, wọ́n lé ní 100,000, ọ̀pọ̀ kú síbẹ̀ láìrí ojú ogun. Mi ò lè sọ̀rọ̀ ogun yìí kí n má dárúkọ àwọn yẹn.

Ó wá kan Bọ́mà. Ọdún 1943 ni wọ́n dá Dífísọ̀n 81, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá kan, sílẹ̀, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà lọ́dún yẹn náà, Dífísọ̀n 82 tẹ̀ lé wọn. Ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Gold Coast (Ghana lónìí), ọmọ Sierra Leone, ọmọ Gambia, gbogbo wọn pa pọ̀ tó bíi 90,000, ọmọ Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù. Àmì èjìká Dífísọ̀n 81, aláǹtakùn ni, Ànáńsì ti àwọn ará Gold Coast. Wo èjìká bàbá nínú fọ́tò yẹn dáadáa, tí o bá rí aláǹtakùn, o ti mọ ibi tí wọ́n wà.

Àfonífojì odò Kaladan, lágbègbè Arakan, ni wọ́n kọ́kọ́ rán wọn lọ. Kò sí ọ̀nà. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn la títì gba orí òkè, bíi máìlì 75, pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti dígà, kí wọ́n tó lè rí ibi tí wọ́n máa gbà jà. Nígbà tí wọ́n wọ inú, wọ́n fi títì náà sílẹ̀ sẹ́yìn, bàálù ló ń já oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn láti òkè, àwọn kan nínú wọn ló sì ń rù ú. Ẹ̀ka tiwọn wà lọ́tọ̀, ẹrù ni iṣẹ́ wọn, wọ́n á gbé àpótí ọta lé orí bí ìyá wa ṣe ń gbé igbá lọ sọ́jà, wọ́n á gun òkè, wọ́n á sọdá odò, ìbọn á sì máa dún. Òjò ibẹ̀ kì í dá fún oṣù mélòó kan. Eṣúṣú, ibà, ẹsẹ̀ tó ń jẹrà nínú bàtà. Ọ̀pọ̀ ìwé tí òyìnbó kọ nípa Bọ́mà, tó bá kan àwọn tó ń ru ẹrù, gbólóhùn kan ni wọ́n á fún wọn, ó sì máa ń dùn mí.

Jẹ́ n sọ ti ẹnì kan fún ẹ kó o lè rí bó ṣe rí. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó lọ forúkọ sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ní oṣù kìíní 1942, kò sọ fún àwọn òbí ẹ̀. Wọ́n fi sí ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Oṣù kẹta 1944, wọ́n wà létí odò Kaladan láàárọ̀ nígbà tí Jàpáànì bò wọ́n, ìbọn bà á ní ẹsẹ̀, ó bà á níkùn, àwọn yòókù kú tàbí wọ́n sá. Òun àti ọmọ Sierra Leone kan, David Kargbo, ni wọ́n kù nínú igbó lẹ́yìn ìlà ọ̀tá. Àgbẹ̀ kan, mùsùlùmí ọmọ Rohingya, tó ń jẹ́ Shuyiman, ló ń gbé oúnjẹ wá fún wọn, lẹ́yìn náà ó kó wọn wọnú ilé ara ẹ̀, ìyàwó wà níbẹ̀, ọmọ wà níbẹ̀, bí Jàpáànì bá sì mọ̀, wọ́n máa pa gbogbo wọn. Oṣù mẹ́sàn-án. Oṣù kejìlá ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó dé ibẹ̀. Fadoyebo tiro padà délé, ó ṣe iṣẹ́ ìjọba, ó sì dàgbà, 2012 ló kú. Ọdún kan ṣáájú, oníròyìn kan ti bá a mú lẹ́tà ìdúpẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Shuyiman ní Bọ́mà. Tí mo bá gbọ́ báyìí ohun tí wọ́n ń fojú àwọn Rohingya rí ní ilẹ̀ wọn, Shuyiman ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ọmọ Yorùbá jẹ àwọn èèyàn yẹn ní gbèsè.

Oṣù kìíní 1945 ni àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà gba Myohaung, ìlú ọba Arakan àtijọ́. Oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni Jàpáànì juwọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò tètè wá, 1946 ni ọ̀pọ̀ wọn tó délé.

Ẹ̀gbọ́n, èrò kan sọ fún mi nínú mọ́tò pé orúkọ bàráàkì tó wà l'Ékòó, ìlú òyìnbó ni wọ́n fi sọ wọ́n. Ṣé lóòótọ́ ni? — Dérébà, gáréèjì Àgbádárìgì

Kì í ṣe ìlú òyìnbó. Arakan tó wà n'Ápápá, Dodan tó wà n'Íkòyí, Myhoung tó wà ní Yábàá, ilẹ̀ Bọ́mà ni gbogbo wọn. Letmauk n'Íbàdàn, Dalet àti Kalapanzin ní Kàdúná, Bọ́mà náà ni. Abalti ní Sùúrùlérè àti Marda ní Yábàá ló yàtọ̀, Etiópíà nìyẹn: òkè Marda ni àwọn ọmọ Nàìjíríà ti lé àwọn Ítálì ní oṣù kẹta 1941, Abalti ni wọ́n ti sọdá odò Omo ní oṣù kẹfà ọdún náà. Tí gòsíló bá mú yín, ẹ sọ ọ́ fún èrò yín, ó dáa ju àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù lọ.

Ẹ̀gbọ́n Olóòtú, ẹ kú làálàá. Gàrí ni ìyá àgbà wa tà jẹun nígbà ayé wọn, wọ́n máa ń sọ pé nígbà ogun, ìjọba ń lé gàrí bí ẹni ń lé olè, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé e. Kí ni gàrí ṣe Hitler? — Ìyá Ìbejì, Ẹ̀pẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bèèrè èyí, torí òun ni mo gbà pé a gbàgbé jù.

Nígbà tí ogun ń lọ, ọkọ̀ ojú omi ò tó mọ́, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń rì wọ́n, èyí tó kù, sójà àti ọta ló ń kó. Nǹkan tó ń ti òkè òkun wá, iyọ̀, aṣọ, kẹrosíìnì, ó di ọ̀wọ́n. Iyọ̀ pàápàá! Àwọn Ògù tó wà létí òkun níbí, tí wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń se omi òkun di iyọ̀ látayé àwọn baba ńlá wọn, iṣẹ́ yẹn tún gbóná lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí Jàpáànì gba Malaya, ibẹ̀ ni rọ́bà àti tánganran Gẹ̀ẹ́sì ti ń wá, ó di pé Nàìjíríà ló máa mú un wá, pẹ̀lú epo pupa àti èkùrọ́. Wọ́n ní káwọn àgbẹ̀ máa ṣa èkùrọ́, máa kọ rọ́bà, Èkó sì ń kún fún sójà àti òṣìṣẹ́ tó ń wá jẹun. Owó oúnjẹ wá fò sókè.

Ìjọba ò bi ara ẹ̀ pé kí ló fà á, ó ní àwọn obìnrin ọjà ló ń gba èrè àjẹjù. Wọ́n yan òyìnbó kan, Kápútéènì Pullen, láti máa fi iye owó lé oúnjẹ l'Ékòó, ó ṣí ọjà ìjọba tí wọ́n ń fi orúkọ ẹ̀ pè, ó sì ní iye báyìí ni kí wọ́n ta gàrí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye yẹn ò tó iye tí àwọn obìnrin fi rà á lóko, ká má tíì sọ owó ọkọ̀. Gàrí tó ń bọ́ Èkó, ti Ìjẹ̀bú ló pọ̀ jù, orí ọ̀sà ló ń gbà, torí nígbà yẹn títì Ìkòròdú tí a mọ̀ yìí ò tíì sí. Ẹ̀pẹ́, Èjìnrìn, Ìkòròdú, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin náà ti rí ibi tí wọ́n máa dúró sí tí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé gàrí. Òótọ́ ni ìyá àgbà sọ. Ọjà ìjọba gbẹ, gàrí lọ sí kọ̀rọ̀, tálákà Èkó ló wá ń rà á ní ìlọ́po.

Ẹni tó dìde sí i ni Màdáàmù Alimotu Pelewura, olórí ọjà Eréko, ẹja ni wọ́n ń tà, wọn ò mọ ìwé kọ, wọn ò mọ̀ ọ́n kà, gómìnà sì mọ orúkọ wọn. Ní oṣù kejìlá 1940, ìjọba ti kọ́kọ́ ní obìnrin tó bá ń rí ju £50 lọ lọ́dún máa san owó orí. Pelewura àti àwọn obìnrin ọjà ti ọjà pa, wọ́n tú jáde lọ bá ìjọba ní ọ́fíìsì, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ìjọba gbé e sókè sí £200, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà tí ti Pullen dé, ìjọba fi owó lọ Pelewura pé kí wọ́n bá òun ṣe é, wọ́n kọ̀. Ọdún mélòó kan ni wọ́n fi bá a fà á, 1945 tí ogun parí ni ìjọba tó jáwọ́. Kí wọ́n tó máa sọ pé ọkùnrin ló ja ogun yẹn, kí wọ́n ka ti Pelewura mọ́ ọn.

Ṣé bọ́ǹbù Hitler kankan bọ́ sí Èkó? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìkòròdú

Rárá, kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ẹ̀ wà, wọ́n ń pa iná lálẹ́ kí ọkọ̀ ọ̀tá lójú òkun má baà rí ìlú. Bàálù ogun sì ń kọjá lórí wa lójoojúmọ́: láti oṣù kẹsàn-án 1940 ni wọ́n ti ń kó wọn gúnlẹ̀ sí Takoradi ní Gold Coast, wọ́n á tò wọ́n pọ̀ níbẹ̀, wọ́n á fò wọ́n gba Èkó, Kánò, Màídúgùrí dé Khartoum, dé Cairo. Pápá ọkọ̀ òfúrufú Ìkẹjà tí gbogbo wa ń lò, ìgbà ogun yẹn ni wọ́n ṣe é.

Iṣẹ́ tó tiẹ̀ ti Èkó jáde tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ rèé. Oṣù kìíní 1942, ọkọ̀ ńlá Ítálì kan, Duchessa d'Aosta, wà ní èbúté Santa Isabel ní erékùṣù Fernando Po, ti Sípéènì ni ibẹ̀, Sípéènì ò sì sí nínú ogun, Gẹ̀ẹ́sì ò gbọdọ̀ jagun níbẹ̀. Wọ́n bá kó ọkọ̀ méjì tó ń fa ọkọ̀ láti Èkó, Vulcan àti Nuneaton, gómìnà Bourdillon tí títì wà fún n'Íkòyí yọ̀ǹda fún wọn. Lálẹ́ 14 oṣù yẹn, wọ́n ti ṣètò pé kí ẹnì kan se àsè fún àwọn ọ̀gá ọkọ̀ náà lórí ilẹ̀, àwọn yẹn ń jẹ wọ́n ń mu, Gẹ̀ẹ́sì fi bọ́ǹbù já ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró, wọ́n fa ọkọ̀ náà lọ pẹ̀lú ọkọ̀ kékeré míì, wọ́n gbé e wá sí Èkó, kò sí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kankan tó kú níbẹ̀.

Bàbá mi gbà pé àwọn sójà Bọ́mà ló gba òmìnira fún wa. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bá wa dá a. — Tíṣà, Ẹ̀pẹ́

Tíṣà, apá kan ọ̀rọ̀ bàbá tọ̀nà. Oṣù kẹjọ 1941 ni Churchill, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àti Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan tí wọ́n pè ní Atlantic Charter, ó wà nínú ẹ̀ pé gbogbo èèyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti yan irú ìjọba tí wọ́n fẹ́. Attlee, igbákejì Churchill, lọ bá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí Ládipọ̀ Ṣólàńkẹ́ dá sílẹ̀ ní London, ó ní gbogbo ayé ló kàn. Oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀, Churchill dìde nílé ìgbìmọ̀, ó ní àwọn ilẹ̀ tí Hitler gbà ní Yúróòpù ni òun ní lọ́kàn. Àwọn èèyàn wa ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn láéláé. 1943 ni Azikiwe àtàwọn oníròyìn Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lọ sí London lọ fi ìwé Charter yẹn kan náà béèrè òmìnira, 1944 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC sílẹ̀ pẹ̀lú Herbert Macaulay.

Àwọn sójà náà ń rí i. Lójú ogun wọ́n rí òyìnbó tó ń sá, tó ń sunkún, wọ́n gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ Íńdíà ń bá Gẹ̀ẹ́sì fà. Owó oṣù wọn ò tó ti sójà funfun tí wọ́n jọ ń jà. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní òfin wà pé kí àwọn iléeṣẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́, iṣẹ́ náà ò kárí. Ní Accra, ọjọ́ 28 oṣù kejì 1948, àwọn tó ti Bọ́mà dé ń wọ́de lọ fún gómìnà ní ìwé ẹ̀bẹ̀, ọlọ́pàá yìnbọn, mẹ́ta nínú wọn kú: Adjetey, Attipoe, Odartey Lamptey. Ìlú gbiná, ibẹ̀ sì ni òmìnira Ghana ti bẹ̀rẹ̀ sí í yára.

Ní tiwa níbí ṣá, èrò mi ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ló kọ́kọ́ mú Gẹ̀ẹ́sì gbọ̀n. Michael Imoudu ti rélùwéè, wọ́n ti lé e kúrò l'Ékòó lọ́dún 1943, 1945 ló padà, ní oṣù kẹfà ọdún yẹn òṣìṣẹ́ ìjọba da iṣẹ́ sílẹ̀ torí owó oúnjẹ ti pọ̀ kọjá owó oṣù. Rélùwéè dúró, pọ́sítọ́fíìsì dúró, ó lé ní ogójì ọjọ́. Àwọn obìnrin ọjà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan tì wọ́n lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ sójà Bọ́mà ò tíì délé nígbà yẹn, òkè òkun ni wọ́n ṣì wà. Nítorí náà tíṣà, ẹ sọ fún bàbá pé àwọn sójà wà níbẹ̀, àwọn kọ́ ló dá a ṣe, kí ẹ sì fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n wa, àbúrò bàbá wa lọ sógun yẹn kò sì padà. Kò sí ìwé, kò sí ibojì. Ibo la ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn? — Ìdílé kan ní Gbàjí, Àgbádárìgì

Ẹ kú ọ̀fọ̀ ọjọ́ pípẹ́ o. Àwọn tó kú nínú ogun náà, iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Commonwealth War Graves Commission ló ń tọ́jú orúkọ wọn, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ọmọ yín tó ní fóònù lè wá a. Ní Taukkyan, lẹ́bàá Yangon ní Bọ́mà, òpó òkúta wà tí wọ́n kọ orúkọ bíi 27,000 sójà tí wọn ò mọ ibojì wọn sí, orúkọ ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà pọ̀ níbẹ̀, àwọn orúkọ náà sì wà nínú ìwé iléeṣẹ́ yẹn. Ẹ tún lè lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nípa agbègbè wa wà.

Ẹ má fi orúkọ bí a ṣe ń kọ ọ́ lónìí nìkan wá a. Akọ̀wé òyìnbó ń kọ orúkọ bó ṣe gbọ́ ọ, orúkọ Ògù pàápàá máa ń dàrú lọ́wọ́ wọn, àwọn míì sì wà tí orúkọ ìlú ni wọ́n fi ṣe orúkọ bàbá fún wọn. Ẹ gbìyànjú oríṣiríṣi, Gbaji, Badagry, Badagiri. Kí ẹ tó ṣe ìyẹn ṣá, ẹ yẹ àpótí àwọn àgbà wò, lẹ́tà àtijọ́, ẹ̀yìn fọ́tò, ìwé tí wọ́n fi ń gba owó tó ń ti ọ̀dọ̀ sójà wá. Nọ́ńbà ni kí ẹ máa wá. Nọ́ńbà sójà Nàìjíríà nígbà yẹn, NA ló máa ń ṣáájú ẹ̀, ẹni tó bá sì ti ní nọ́ńbà, ó máa rọrùn fún un láti wá a, bí wọ́n tiẹ̀ ṣi orúkọ kọ.